Ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ báyìí, àbí kó ṣì dúró?

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Àkúrẹ́ ni à ń gbé. Nítorí pé rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 56, lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 152/94, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àtọ̀gbẹ, kò sì mu sìgá rí. Dókítà lo àtẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlu ènìyàn láàárín ọdún 10, ó sì kọ amlodipine fún ìfúnpá àti atorvastatin fún ọ̀rá náà.

Ó ń lo ti ìfúnpá déédéé. A ti dín iyọ̀ àti magí kù, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba dípò ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n páálí atorvastatin ṣì wà lórí fíríìjì, kò tíì já a. Ó ní nǹkan kan kò dun òun, kí ni òun fẹ́ máa gbé oògùn mì títí ayé fún? Ẹlẹ́wé ọmọ kan ní aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ ti tó; èmi kò gba ìyẹn gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìlera, ṣé kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn ọ̀rá náà báyìí, àbí kí ó fi oṣù mẹ́ta ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kí ó tún àyẹ̀wò ṣe ná? Mo dúpẹ́ ṣáájú.