Sáńwíìṣì ẹran àti wàràkàṣì: ẹran mi ń ṣomi, wàràkàṣì ń yọ òróró

Ìyá Bọ́lá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ máa ṣe sáńwíìṣì gbígbóná ti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà nílé, èyí tí wọ́n ń pè ní cheesesteak. Ẹran ń ṣomi nínú páànù, ó sì ń le bí awọ. Wàràkàṣì ń yọ òróró, búrẹ́dì ń rin gbindin. Ẹni mẹ́ta ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Bọ̀dá Alásè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹran ìhà tí wọ́n ń pè ní ribeye ni kí ẹ rà, gíráàmù 450. Ọ̀rá àárín rẹ̀ ló ń jẹ́ kó rọ̀. Ẹ fi sí fírísà fún ìṣẹ́jú 40 kó le díẹ̀, torí ẹran rírọ̀ máa ń yọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ wo ọ̀nà tí okùn inú ẹran gbà, kí ẹ gé e ní ìdábùú, kó fẹ́lẹ́ ju ti oní-súyà lọ. Bí ẹ bá gé e tẹ̀lé okùn, kò ní ṣe é jẹ já.

Omi tí ẹ rí yẹn, páànù ni kò gbóná, ẹran sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í yan mọ́ nìyẹn, bíbọ̀ ló ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ din àlùbọ́sà kan lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ kó o kúrò. Ẹ wá mú iná le títí omi tí ẹ bá ta sí páànù yóò fi gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ṣíbí òróró kan tó. Ẹ nu ẹran gbẹ, ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ din ìdá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí ẹ bá yí i ni kí ẹ tó wọ́n iyọ̀. Iyọ̀ tó bá pẹ́ lára ẹran fẹ́lẹ́ máa ń fa omi rẹ̀ jáde.

Àǹtí Oníwàrà: Wàràkàṣì tó ti gbó, bíi cheddar, kì í fẹ́ iná líle: ọ̀rá rẹ̀ á yà sọ́tọ̀, ìyókù á di kókó. Ẹ lo oríṣi wàràkàṣì tí wọ́n ń pè ní provolone tàbí American, pẹlẹbẹ méjì fún búrẹ́dì kan. Ẹ pa iná, ẹ tẹ́ ẹ lé ẹran lórí, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo wàrà Fúlàní o. Ó dùn, àmọ́ kì í yọ́ rárá.

Bàbá Búrẹ́dì: Búrẹ́dì gígùn tí èèpo rẹ̀ le díẹ̀ ni. Ti Àgégé rọ̀ jù, ó sì ládùn. Ẹ má là á já. Ẹ fi inú rẹ̀ yan nínú ọ̀rá páànù kí omi ẹran má baà wọ̀ ọ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé ẹran, kí ẹ fi ṣíbí pẹlẹbẹ gbé gbogbo rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Philly: Nígbà tí Pat Olivieri, ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ ní Philadelphia, bẹ̀rẹ̀ sí í ta sáńwíìṣì yìí ní nǹkan bí ọdún 1930, kò sí wàràkàṣì nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bo adùn ẹran mọ́lẹ̀.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. Ribeye wọ́n o. Ṣé ẹran itan ṣe é lò?

Bọ̀dá Alásè: Ó ṣe é lò, mà. Kò lọ́rá ni, ẹ fi òróró ṣíbí kan kún un. Ẹ gé e fẹ́lẹ́ sí i, kí ẹ pa iná nígbà tí pupa díẹ̀ bá ṣì kù lára rẹ̀. Ooru abẹ́ wàràkàṣì ni yóò sè é tán.