Owó ìfẹ̀yìntì bàbá wa ń bá lótò lọ: kí ni kí a ṣe?

Àkọ́bí: Mo kí gbogbo ilé. Bàbá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò ta tẹ́tẹ́ rí, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta lótò. Wọ́n á tẹ́ ìwé èsì àtijọ́ sórí tábìlì, wọ́n á máa fi báírò pupa fa ìlà láti nọ́ńbà kan sí òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kì í rí ìparí oṣù mọ́, wọ́n sì ti jẹ gbèsè lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ kí màmá mọ̀. Àbúrò mi ní kí a gba káàdì báńkì lọ́wọ́ wọn. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Oníṣirò: Ẹ bá wọn ṣírò rẹ̀, olùkọ́ ṣáà ni wọ́n. Nọ́ńbà 90 ló wà nínú ẹ̀rọ, 5 ni wọ́n ń fà jáde. Bí ẹni kan bá ta nọ́ńbà méjì pé méjèèjì á jáde, ọ̀nà 4,005 ló wà láti to 90 náà ní méjì-méjì, 10 péré ló sì ń jẹ lára wọn, ìyẹn ẹyọ kan nínú nǹkan bí 400. Bẹ́ẹ̀, ìlọ́po 240 owó tó fi ta ni wọ́n sábà máa ń san fún ẹni tó bá jẹ, kò tó 400. Èsì àtijọ́ kò sì lè sọ ti òní, nítorí gbogbo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń dá padà kí wọ́n tó tún fà.

Àgbà Ìbàdàn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò kò ní mú bàbá yín kúrò níbẹ̀. Èmi náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì máa ń ta díẹ̀. Ìdí lótò ni àwa tí a ti fẹ̀yìn tì ti ń rí ẹni tó ṣì ń béèrè èrò wa. Bí ẹ bá gba káàdì, ẹ ti fi àbùkù kàn án, gbèsè ni yóò sì tún lọ jẹ sí i. Ẹ jẹ́ kí òun àti ìyá yín jọ pín owó náà lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá ń lo oògùn àìsàn Parkinson, èyí tó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n? Méjì lára àwọn oògùn náà, pramipexole àti ropinirole, a máa sún àwọn kan tí kò ta tẹ́tẹ́ rí débi tí wọn kò fi ní lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá ń lò ó, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Dókítà ni kó pààrọ̀ rẹ̀.

Àkọ́bí: Ẹ ṣeun gan-an. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n n ó yẹ àpò oògùn wọn wò. A ó fi káàdì sílẹ̀ ná. Gbèsè ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́, ṣé kí àwa ọmọ san án?

Àgbà Ìbàdàn: Rárá, ọmọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ni kó máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ìyá yín sì mọ̀ sí i.