Báwo ni kóòdù báńkì ṣe lè wọlé sórí fóònù mi lójú òkun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ òfì ni mò ń tà n'Ílọrin níbí. Ọmọ mi tó wà ní London ti sanwó kí a jọ wọ ọkọ̀ òkun láti Southampton lọ sí Spain, fún ọjọ́ méje. Èmi tí mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi ju ti Jẹ́bà lọ rí!

Fóònù ló ń kó ìdààmú bá mi. Nígbà tí mo lọ Mẹ́kà, mi ò pa dátà. Kí n tó ṣẹ́jú, owó káàdì mi ti tán. Ọmọ mi ní ti òkun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí èbúté, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń gba ojú sátẹ́láìtì, ni fóònù ń so mọ́.

A ti pinnu láti fi fóònù sí airplane mode, tí kì í jẹ́ kí síìmù so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, kí a ra Wi-Fi ọkọ̀, kí n máa fi WhatsApp bá ọmọṣẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ti yanjú. Ṣùgbọ́n mo dán an wò nílé: kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí síìmù mi láti mọ̀ pé èmi ni mò ń sanwó kò wọlé rárá. Mo rò ó pé kí n fi síìmù sílẹ̀ fún àbúrò mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin irú ìrìn yìí, ọgbọ́n wo lẹ dá sí ti kóòdù yìí?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ṣeun lọ́pọ̀lọpọ̀ o.