Plushenko nígbà tó ṣì kéré, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fídíò Evgeni Plushenko ti Rọ́ṣíà, eléré skating (eré jíjó lórí yìnyín), ibi tó ti gba góòlù ní Òlíńpíìkì Turin 2006, orí mi wú gan-an. Ṣé ọmọ olówó ni?

Èsì 1: Olówó kẹ̀? Káfíńtà ni bàbá ẹ̀. Apá Khabarovsk ni wọ́n bí i sí ní 1982, wọ́n wá kó lọ sí Volgograd, ibẹ̀ ló ti kọ́ skating, àfi bí wọ́n ṣe ti pápá yìnyín ibẹ̀ pa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ló bá di pé kó lọ bá kóòṣì Alexei Mishin ní St. Petersburg, òun nìkan o, inú ilé tí àwọn àjèjì ti jọ ń lo kíṣìnì kan ló ń gbé. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Èsì 2: Ẹ má gbàgbé àrà tí wọ́n ń pè ní Biellmann! Á máa yí bí òkòtó, á tún fọwọ́ fa ẹsẹ̀ kan láti ẹ̀yìn gòkè orí, ọkùnrin tó lè ṣe é ò pọ̀. Ọmọ ọdún 14 ló gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́, nígbà tó fi máa di 1998 ó ti gba idẹ láàárín àwọn àgbà. Alexei Yagudin, eléré skating Rọ́ṣíà mìíràn, náà wà lọ́dọ̀ Mishin nígbà yẹn kó tó kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé Yagudin yìí ló borí ẹ̀ ní Òlíńpíìkì Salt Lake 2002?

Èsì 2: Òun náà ni, Plushenko gba fàdákà.