Báńgà ọdún ní Òṣogbo: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Màmá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù Kọkànlá la ṣì wà yìí, báńgà ti ń dún ládùúgbò wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ọjọ́ tí Kérésì ku ọ̀la ni. Mo ń din adìyẹ lẹ́yìnkùlé nígbà tí Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, wọlé, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abíyá. Kò sunkún. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. Mo ní kí ló ṣe ọwọ́ ẹ, kò fọhùn. Ìgbà tí mo fà á jáde, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ti dúdú bí èédú, awọ ibẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ti ṣá báńgà náà sára páálí, ó jù ú sílẹ̀, ó dúró títí, kò dún. Ó wá padà lọ mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ló bú sí.

Ìyá àgbà kan ti gbé epo pupa dé, ẹlòmíì ní ká fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa á, kí á máa da omi tútù lé e fún 20 ìṣẹ́jú, ká tó gbé e lọ sọ́sìbítù. Omi ẹ̀rọ ò yọ lọ́jọ́ náà, inú ike la ti ń bù ú. Ọwọ́ ti san, àmọ́ ìka ìlábẹ̀ yẹn ò tẹ̀ dáadáa títí dòní, òun sì ni ọmọ fi ń mú bírò.

Owó bisikíìtì tí mo fún un ló fi rà á. Ọmọ bíi tirẹ̀ ló sì tà á fún un, ìyá onítọ̀hún gbé àtẹ tì í ó lọ kírun. Láti ọdún 1964 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí ohun abúgbàmù: ẹni tí kò gbàwé àṣẹ kò gbọdọ̀ kó o wọlé, kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀, kò gbọdọ̀ tà á. Mi ò tíì dáyé nígbà yẹn.

Alátẹ tẹ́lẹ̀, Ọjà Ọba

Màmá Ìbejì, ẹ kú àfaradà. Ó wọ̀ mí lára, torí èmi náà ti ta báńgà rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé e lórí àtẹ pẹ̀lú súwíìtì àti fèrè ọdún. Ó máa ń yá ju súwíìtì lọ, àwọn ọmọdé ló sì ń rà á, mi ò ní purọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí níwèé àṣẹ, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Lọ́dún kẹta, Kérésì ku ọjọ́ mẹ́ta, ọlọ́pàá wọ ọjà. Wọ́n kó tèmi, wọ́n kó ti ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò bú wa, wọn ò nà wá, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí gbogbo wa ti ń rà á ti tà tán látinú oṣù Kọkànlá. Owó rẹ̀ ti wọlé, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Mo tún rà á lọ́dún kejì rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń kó páálí rẹ̀ sí, nínú yàrá tí èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta ń sùn, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ kì í jẹ́ kí ẹ̀tù ṣakabula sún mọ́ ààrò, èmi wá ń sùn lé mọ̀lẹ́bí ẹ̀tù. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé tí wọ́n kó báńgà sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó bú gbàmù, iná ràn mọ́ àwọn ilé tó yí i ká, ẹ̀mí lọ sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn fara pa. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni mo jókòó sí tí mo gbọ́ ọ nínú rédíò. Mo rọmi sínú báàfù, mo da gbogbo rẹ̀ sí i. Mi ò tà á mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ Òròkí

Tiwa kì í ṣe ti ọgbẹ́. Àbúrò ìyá mi gbé Màídúgùrì fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó sá wálé. Kérésì àkọ́kọ́ tó ṣe níbí, a jọ ń bọ̀ láti Ọlá-Ìyá, ó ru búrẹ́dì. Àwọn ọmọ ju báńgà sábẹ́ ọkàdà kan. Kí n tó yíjú, àǹtí mi ti dojú bolẹ̀ sórí títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, búrẹ́dì fọ́n káàkiri. Àwọn ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìde, ó ń bi mí pé, "Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn tó kù ńkọ́?" Inú ilé ló máa ń wà látọjọ́ kejìlélógún títí ọdún tuntun fi wọlé.

Bọ̀dá Sábó

Mo bá yín kẹ́dùn tọkàntọkàn. Àmọ́ ọmọ ló ń fi báńgà mọ̀ pé ọdún dé, àwa náà ṣe é: ihò kókó kẹ̀kẹ́, ẹ̀tù orí ìṣáná, ìṣó kan, ká gbá a mọ́ ògiri. Ẹ má fòfin gba gbogbo ayọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Màmá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Bọ̀dá Sábó, mo gbọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní England sọ fún mi pé wọ́n ń yin iná aláràbarà tí wọ́n ń pè ní fireworks níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, bí aago 11 alẹ́ bá sì ti lù, ó parí, àfi àwọn ọjọ́ ọdún mélòó kan tí òfin yọ sọ́tọ̀. Ìyẹn náà ò gbàyọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Tiwa ni pé àtẹ ìyá arúgbó lòfin ń dé, kò dé ibi tí páálí ti ń já.

Alátẹ, ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé onílé wa jẹ́ Sátidé yìí ní aago mẹ́rin. Mo fẹ́ kí á kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n yẹ àwọn ibi ìkẹ́rùsí wò báyìí, kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Ẹ bá mi wá, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Kẹ́hìndé lóun náà ń bọ̀.