Ọjọ́ wo ni eré kẹ̀kẹ́ gbà yín lọ́kàn? Ẹ wá sọ tiyín

Arókè:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹni tó bá bá mi nídìí eré kẹ̀kẹ́ kì í pẹ́ bi mí pé kí ló wá dùn níbẹ̀, kí ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí márùn-ún, kí àgbàlagbà sì jókòó máa wò wọ́n. Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, ó sú mi. Ní báyìí, ìtàn òkè kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ fún wọn.

Orúkọ òkè náà ni Colle delle Finestre, ní ilẹ̀ Ítálì. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 18 lọ, wọn ò sì da ọ̀dà sí apá òkè rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gùn. Ní oṣù Karùn-ún 2018, Simon Yates ló wọ ẹ̀wù píǹkì Giro d'Italia dé ẹsẹ̀ òkè yìí. Eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ni Giro, ẹni tí àròpọ̀ àkókò rẹ̀ kéré jù ló sì ń wọ ẹ̀wù náà. Ọjọ́ 13 ló ti fi wọ ẹ̀wù náà. Àfi bí agbo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gùn, tí ó ń sún sẹ́yìn, ó ń sún sẹ́yìn, títí kò fi sí nínú àwòrán mọ́. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó tán ni. Chris Froome, tó wà ní ipò kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, já jáde nígbà tó ku kìlómítà 80, ó sì dá lọ títí dé òpin. Òun ló gba ẹ̀wù náà. Yates fi ohun tó ju ìṣẹ́jú 38 kẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń pariwo Froome, èmi ń wo ọmọkùnrin tí ẹnì kan ń tì lẹ́yìn bó ṣe ń wọlé, ojú rẹ̀ ti yí padà bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ọdún méje kọjá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2025, Giro tún gba orí òkè kan náà, ó ku ọjọ́ kan kí eré parí. Isaac Del Toro, ọmọ ọdún 21, ló wọ ẹ̀wù píǹkì. Richard Carapaz ló tẹ̀ lé e. Yates wà ní ipò kẹta, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 21 ló fi wà lẹ́yìn. Carapaz kọ́kọ́ já, Del Toro lẹ̀ mọ́ ọn. Yates ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó bá wọn, ó sì kọjá wọn.

Ibi tí mo ti dìde dúró nìyí. Carapaz wẹ̀yìn. Del Toro náà ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ kíákíá rí mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà la atẹ́gùn. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń fi agbára pamọ́. Bí Del Toro bá lé Yates, yóò gbé Carapaz dé iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, Carapaz á sì wá fi agbára tó ti tọ́jú gba ẹ̀wù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Carapaz bá lé e, Del Toro ló ń sin. Làwọn méjèèjì bá ń wo ara wọn: ìwọ lọ, rárá, ìwọ lọ. Yates ń lọ ní tirẹ̀. Wout van Aert, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti wà níwájú látàárọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kọ́kọ́ sá jáde, ó ti gun òkè náà kọjá, ó dúró dè é ní ìsàlẹ̀, ó sì fi àyà la atẹ́gùn fún un. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Sestriere, níbi tí eré ọjọ́ náà parí sí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 56 ni Yates fi gba Giro, lórí òkè tó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò tijú.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú eré yìí ni pé ẹni tó lágbára jù lè pàdánù nítorí pé ó ro ìrònú kan tí kò tọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ wo ló mú yín?

Ojútítì:

Ẹ̀gbọ́n Arókè, ẹ ṣeun. Èmi wà ní Kigali, ní Rùwáńdà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2025, ọdún tí ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Etí títì ní Kimihurura ni mo dúró sí, òkè olókùúta tí wọ́n ń yípo padà wá gùn léraléra.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kì í jẹ́ ká mọ̀ ni ariwo. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n lórí òkúta, ṣéènì ń lu irin pàkàpàkà. Ṣùgbọ́n èémí wọn ló bà mí lẹ́rù. Bí mo bá na ọwọ́, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká wọn. Ọ̀kan la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ti gbẹ sí i létè, òógùn ti ya ìlà funfun bí iyọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó wo ojú mi, kò sì rí mi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọjá, wọ́n pọ̀ débi pé òkúta títì kò hàn. Ìgbà tí wọ́n bá tún yí dé, wọ́n ti dín. Wọ́n tún yí dé, wọ́n tún dín. Kìlómítà 267 àti ààbọ̀ ni wọ́n gùn lọ́jọ́ náà, òkè lókè, èèyàn 30 péré ló sì parí rẹ̀.

Tadej Pogačar ti já nígbà tó ku kìlómítà 104, pẹ̀lú Ayuso àti Del Toro yẹn kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi já sílẹ̀, ó wá dá nìkan lọ fún kìlómítà 66 tó kù. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé eré ti parí nìyẹn. Létí títì, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bó bá ti kọjá, màá bẹ̀rẹ̀ sí kà: ení, èjì, ẹ̀ta... Àwọn tó yí mi ká náà ń kà ní èdè tiwọn, wọ́n ń fi ìka hàn mí, èmi náà ń fi ìka hàn wọ́n. Àwọn ọmọdé ti gun orí ògiri. Bí Remco Evenepoel, tó ń lé e, bá ti yọ nísàlẹ̀, a dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ká lè mọ̀ bóyá àlàfo ti dín tàbí ó ti fẹ̀ sí i. Kò dín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo ń kà, àyà mi ń já.

Ẹni tó bá ní agbára láti dúró de ìparí, tó wá yàn láti lọ nígbà tó ku 104, ó ti fi ara rẹ̀ wéwu. Táyà lè jò. Ebi lè pa á. Èmi fẹ́ irú ìgboyà bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́jú-Mẹ́wàá:

Mi ò bá Ojútítì jiyàn lórí ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Èmi wo ọjọ́ yẹn kan náà nílé, mo sì sùn lọ. Mo mọ ẹni tó máa gbà á kí ó tó ku wákàtí méjì. Bí ẹni kan bá lágbára ju gbogbo èèyàn lọ, tó tún já jáde látòkèèrè, ìtara mi máa ń kú.

Milano–Sanremo, eré ọlọ́jọ́ kan ní Ítálì, leré tèmi. Ó sún mọ́ kìlómítà 300, mo sì gbà pé wákàtí mẹ́fà ni nǹkan gidi kì í fi í ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, nítorí gbogbo wákàtí yẹn ń kóra jọ sínú ẹsẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹta 2025, Pogačar já lórí òkè Cipressa, Mathieu van der Poel àti Filippo Ganna nìkan ló lè tẹ̀ lé e. Ganna síngbọnlẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń retí lórí òkè. Lórí Poggio, òkè tó kẹ́yìn, wọ́n já a sílẹ̀. Mo ní ó tán. Ó padà dé. Wọ́n tún já a. Ó tún yọ lẹ́yìn wọn, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì, ó ń fà á bọ̀ bí ẹni ń fi okùn fa omi nínú kànga. Àwọn mẹ́ta ló jọ wọ Via Roma, títì tí eré parí sí. Van der Poel gbà á, Ganna ṣe ipò kejì, Pogačar tó lágbára jù láyé ṣe ipò kẹta.

Ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ tó ń padà bọ̀, òun ni mo ń wá wò.

Ìyá Eléré:

Ẹ̀yin èèyàn mi, látòkè délẹ̀ ẹ ò tíì dárúkọ obìnrin kankan. Ó yà mí lẹ́nu, torí ìgbẹ̀yìn Tour de France tó há jù lọ nínú ìtàn, tọkùnrin tobìnrin, àwọn obìnrin ló ṣe é. Ti ọkùnrin ni 1989, tí Greg LeMond fi ìṣẹ́jú àáyá 8 na Laurent Fignon. Ti obìnrin ni 2024: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wò ó. Demi Vollering ló wọ ẹ̀wù yẹ́lò, ti ẹni tó ń ṣíwájú. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí Amnéville, ó ṣubú nígbà tó ku bí kìlómítà mẹ́fà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìdí mú. Ó ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi pàdánù, Kasia Niewiadoma sì gba ẹ̀wù náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìkẹyìn, 18 oṣù Kẹjọ, Vollering ní láti gba ìṣẹ́jú kan àti àáyá 15 padà. Ó já lórí òkè Glandon, ó sì ń lọ. Niewiadoma ń lé e bọ̀ lórí Alpe d'Huez, òkè tó ní kọ́nà 21.

Nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n ni mo ń wò, mi ò wo èèyàn mọ́. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Mo gbàgbé nǹkan sórí iná, òórùn rẹ̀ ló wá pè mí, mi ò sì dìde. Vollering kọjá ìlà, ó gba eré ọjọ́ náà, ó dùbúlẹ̀. A ń kà. Niewiadoma yọ ní kọ́nà, ó dìde lórí kẹ̀kẹ́, kò jókòó mọ́ títí tó fi kọjá ìlà, òun náà ṣubú sílẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun ló gbà á. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un, ó figbe ta.

Lẹ́yìn kìlómítà tó lé ní 900, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ẹ bá mi rò ó wò: gbogbo kọ́nà tí ẹnì kan rọra fẹ̀ jù, gbogbo ibi tó ti wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó kó gbogbo rẹ̀ wọlé.

Láìsí-Rédíò:

Tèmi kò gùn. Òlíńpíìkì Tokyo, oṣù Keje 2021, eré àwọn obìnrin. Wọn kì í lo rédíò etí, tí mọ́tò ẹgbẹ́ fi ń bá agunkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, níbẹ̀. Anna Kiesenhofer ará Ọ́stríà, onímọ̀ ìṣirò tí kò ní ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún un, já jáde bí wọ́n ṣe sọ pé ẹ máa lọ, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin míì. Ó já àwọn yẹn náà sílẹ̀ nígbà tó ku bíi kìlómítà 40. Annemiek van Vleuten kọjá ìlà, ó na ọwọ́ sókè, inú rẹ̀ dùn pé wúrà ti di tòun. Wúrà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Wọ́n ti gbàgbé pé ẹnì kan ṣì wà níwájú.

Mo wò ó, mo pariwo sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé wọ́n lè gbọ́. Bó bá jẹ́ pé rédíò wà létí wọn, ẹnì kan á ti sọ fún wọn látinú mọ́tò, wọn ì bá sì mú un. Mo mọ̀ pé rédíò dára fún ìkìlọ̀ ewu ojú ọ̀nà, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyẹn. Kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún orí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fúnra wọn.

Ọmọ-Ẹ̀yìn:

Ẹ má gbàgbé Biniam Girmay o. Giro 2022, ní Jesi, òun àti van der Poel ló ń sáré dé ìlà níwájú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí van der Poel rí i pé òun ò lè bá a mọ́, ó na àtàǹpàkò sí i, kí wọ́n tó kọjá ìlà rárá! Ará Ẹritíríà, ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìpele kan nínú ọ̀kan nínú àwọn eré ńlá mẹ́ta, ti Ítálì, Faransé àti Sípéènì. Lórí pèpéle, ìdérí ìgò wáìnì ta bá a lójú, kò sì lè gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gba ìpele mẹ́ta ní Tour, ó sì gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ, ti ẹni tó kó máàkì jọ jù. Mo fi àwòrán àtàǹpàkò yẹn sórí fóònù mi títí dòní.

Arókè:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Eléré, ẹ má bínú, ẹ̀bi tèmi ni, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú-Mẹ́wàá, mo ń ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn díẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní Kigali, èmi náà kò ka Pogačar sí mọ́ lẹ́yìn wákàtí kan. Evenepoel ni mo ń wò. Ó pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, ó dúró létí títì pẹ̀lú ìbínú, ó ń dúró de mọ́tò, àwọn yòókù ń lọ. Ó ṣì padà wá ṣe ipò kejì. Bóyá eré kì í kú tí a bá mọ ẹni tó yẹ ká wò.

Èyí tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn ni Del Toro. Mo tún fídíò Finestre wò lálẹ́ àná, láti ibi tí Yates ti ń jìnnà sí wọn. Ibì kan wà tí ọmọ náà yí orí sí Carapaz, tó tún yí i síwájú, tó wá fi ọwọ́ kan mú ike omi rẹ̀, tó mu díẹ̀. Ó ń ronú. Ọjọ́ tí Giro bá tún gba òkè yẹn kọjá, bó bá wà níbẹ̀, òun ni màá máa wò láti ìsàlẹ̀ dókè.