Ẹ gbà mí o, tíma pọ́ǹpù tí mo ṣe: mo ní ìṣẹ́jú 30, ó ní sẹ́kọ́ńdì 30

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ṣe tíma kan fún pọ́ǹpù borehole ilé wa torí màmá mi máa ń tan pọ́ǹpù á sì gbàgbé, omi á kún tánkì á máa ṣàn dé ojú títì, àwọn ará àdúgbò ti ń sọ̀rọ̀. Arduino Uno (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí) ni mo lò, relay 5V kan (swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), bọ́tìnì kan, tí màmá bá ti tẹ̀ ẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 kó sì kú fúnra ẹ̀, ó parí. Nígbà tí mo ń dán an wò lórí tábìlì pẹ̀lú gílóòbù mo fi sí sẹ́kọ́ńdì 10, dáadáa, mo fi sí 20, dáadáa. Mo wá gbé e lọ sídìí pọ́ǹpù, mo yí i sí ìṣẹ́jú 30, màmá tẹ̀ ẹ́, kí n tó rìn dé ẹ̀yìnkùlé pọ́ǹpù ti kú. A tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà. Mo ní kí n yí i sí ìṣẹ́jú 40 bóyá á sàn, ìyẹn wá kọ̀ kò kú mọ́ rárá! Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi wò ó, tánkì kún ó ń dà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ wáyà. Màmá ní ọmọ tí òun rán lọ yunifásítì ló fẹ́ fi omi gbé òun lọ yìí 😩

Bàbá Rẹ́díò:
Ọmọ mi, pọ́ǹpù kì í ṣe gílóòbù o. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, iná tó ń fà ju ti ìgbà tó bá ti ń yí dáadáa lọ fíìfíì, iná yẹn ló ń da orí chip rẹ rú. Ṣé dáyóòdù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) wà lórí kọ́ìlì relay yẹn, 1N4007 lásán tó? Fi kàpásítọ̀ 100nF (tó ń mú iná dúró jẹ́ẹ́) há ẹsẹ̀ iná chip náà, kó sún mọ́ ọn gan-an. Má sì fi relay kékeré gbé pọ́ǹpù tààrà, jẹ́ kó gbé kọ́ntákítọ̀ (relay ńlá fún iná ńlá), kí kọ́ntákítọ̀ gbé pọ́ǹpù.

Sọ́ldà Kékeré:
Aago inú Uno yẹn ni kò péye jàre, ra DS3231 (chip aago tó péye) kí o sinmi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an sà. Dáyóòdù wà lórí module relay yẹn tẹ́lẹ̀, mo sì fi kàpásítọ̀ sí i lónìí, kò yí padà. Mo wá yọ pọ́ǹpù kúrò pátápátá mo dá gílóòbù padà, ìṣẹ́jú 30 ṣì ń kú kíá. Mo fi fóònù ka àkókò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, sẹ́kọ́ńdì 30 àti ààbọ̀ ni ṣáá.

Ìyá Kóòdù:
Ẹ dúró ná. Lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ńbà kan náà? Iná tó ń da chip rú kì í mọ ìṣirò tó báyẹn. Ti aago tí kò péye náà kọ́, aago Uno lè fi sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ tàn ẹ́ nínú ìṣẹ́jú 30, kò lè sọ ìṣẹ́jú di sẹ́kọ́ńdì. Kọ ìlà tí o ti kọ àkókò yẹn síbí kí n rí i.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
unsigned long akoko = 30 * 60 * 1000;

Ìyá Kóòdù:
Mo mọ̀! 😂

Sọ́ldà Kékeré:
Kí ló ṣe é mà? Ó ṣáà kọ unsigned long, àyè nọ́ńbà ńlá nìyẹn, ó tóbi tó.

Ìyá Kóòdù:
Dúrọ́ọ̀mù tóbi, kóńgò tó fi ń bu omi sí i ló kéré. 30, 60, 1000, int lásán (àyè nọ́ńbà kékeré) ni kọ̀ọ̀kan wọn, lórí irú Uno tìẹ yìí int kò lè ju 32,767 lọ, inú int yẹn ló sì ti ń ṣe ìsọdipúpọ̀ kó tó gbé èsì ẹ̀ dé inú unsigned long. Tó bá kún á yí padà bíi mítà ọkọ̀ àtijọ́ tó ti ka 99999. 1,800,000 ló yẹ kó jẹ́, yọ 65,536 (gbogbo nọ́ńbà tí int lè gbà, láti -32,768 dé 32,767) kúrò níbẹ̀ lọ́nà 27, ó ku 30,528. Mílísẹ́kọ́ńdì nìyẹn o (1,000 rẹ̀ ni sẹ́kọ́ńdì kan), sẹ́kọ́ńdì 30 àti ààbọ̀ rẹ gan-an. 10 * 1000 kò kún ún, ìdí nìyẹn tó fi ṣe dáadáa lórí tábìlì. 40 tìẹ bọ́ sí -24,832, unsigned long kò sì gba òdì, ó sọ ọ́ di bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé. Tí o bá dúró dè é, ọjọ́ 49 ó lé ni pọ́ǹpù yẹn ì bá fi ṣiṣẹ́.
Kọ ọ́ báyìí: 30UL * 60UL * 1000UL. UL yẹn ló ń sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di unsigned long. Tí o bá dé Preferences nínú Arduino IDE tí o fi ń kọ kóòdù, yí compiler warnings (ìkìlọ̀ lórí àṣìṣe kóòdù) kúrò ní None sí All, ì bá ti pariwo fún ẹ tipẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Háà!! Mo ti ṣe é mà, ìṣẹ́jú 30 géérégé, ó kú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń sọ́dà tí mo ń tú u. Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Màmá ní kí n kí yín.

Bàbá Rẹ́díò:
Ó dáa. Kọ́ntákítọ̀ ńkọ́? Kóòdù kọ́ ló máa dí relay lọ́wọ́ kó má jó. Tíma náà kò sì mọ̀ bóyá tánkì ti kún, tó bá jẹ́ pé omi ti wà níbẹ̀ dé ìdajì kí màmá tó tẹ̀ ẹ́, á ṣì dà. Fi fílóòtì (swíìṣì tó ń léfòó lórí omi) sínú tánkì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Òótọ́ ni sà, màá ra méjèèjì lọ́la. Fílóòtì yẹn, ṣé wáyà méjì ló ń lò?

Bàbá Rẹ́díò:
Tí o bá fẹ́ méjì, méjì wà. Ọ̀kan sí GND (ẹsẹ̀ òdì iná Uno), ọ̀kan sí pin (ẹsẹ̀ tí Uno fi ń gba àmì), àmọ́ wáyà tó gùn tó ti orí tánkì yẹn, má gbẹ́kẹ̀ lé INPUT_PULLUP (resistor inú chip tó ń fa pin sí 5V) nìkan, fi resistor 4.7k kún un láti 5V.